Ìkòkò aró pàápàá a máa sinmi: èsì sí ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ó ti lé ní ọdún 16 tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lójú ọ̀nà Ìtokú, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé sí yín rí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi, wọn kò fi ìwé kíkọ tọ́ mi. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ní Ìbàdàn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ọmọ náà sọ pé fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni ojú òun kò ti fi ojú kan oorun tó dára. Pé bí òun bá mú búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òun a máa gbọ̀n, orí òun a sì ṣófo bí agbè tí omi ti tán nínú rẹ̀. Ó ní òun ti gbààwẹ̀, òun ti lọ sí ìṣọ́ òru, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ fún òun pé àwọn ará ilé bàbá òun ló di òun lọ́wọ́. Ìbéèrè tó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ìgbàgbọ́ òun bá jẹ́ òtítọ́, kí ló dé tí ẹ̀rù ṣì ń ba òun?

Mo ti wà níbi tí ọmọ yìí wà, mo sì fẹ́ dá a lóhùn ní gbangba, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń jí ní aago méjì òru tó ń ka àjà. Ohun tí ojú mi rí ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ìgbàgbọ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá a máa kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ìsinmi, àti pé inú ìsinmi náà ni ọgbọ́n àtinúdá ti ń padà sí ọwọ́ ẹni. Èyí tó bá ń gba oorun lójú wa, tó ń fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìbáà ṣe orí pẹpẹ ni a ti ń gbọ́ ọ.

Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni mí ní Kémta, nílùú Abẹ́òkúta. Fún àwọn tí kò mọ iṣẹ́ wa, láfún ni a máa ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù lórí iná títí yóò fi di ẹ̀kọ tó ki. A ó sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó, a ó wá máa fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí ojú aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í ráyè wọ ibẹ̀. Ohun kan wà tí ẹni tí kì í ṣe aláró kì í sábà mọ̀: bí a bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò ẹ̀lú, kò tíì di aró. Bí ewé tútù ló rí, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbà tí a bá nà án sórí okùn, tí a gba ọwọ́ wa kúrò lára rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà lójú wa kòrókòró. Bí ó bá ti sinmi tó, a ó tún rì í bọ inú ìkòkò, a ó tún nà án, títí yóò fi dúdú tó bí a ṣe fẹ́. Ìkòkò aró tuntun pàápàá, ọjọ́ bíi mélòó kan ni yóò fi jókòó sílẹ̀ kó tó ṣeé lò. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó bá ń ṣí ìdérí ìkòkò wò ní gbogbo ìgbà kò tíì fẹ́ gba aró.

Mo mọ gbogbo èyí láti kékeré, síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù dé, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tí owó aṣọ funfun dà. Iye tí a bá ní òwúrọ̀ kì í ṣe iye tí a ó bá ní ìrọ̀lẹ́. Ní àsìkò kan náà, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọnà wa sí lára ní ilẹ̀ Ṣáínà kún ọjà Ìtokú, owó tí wọ́n sì ń ta odidi rẹ̀ kò ju owó tí èmi fi ra aṣọ funfun lásán lọ. (Ẹ̀rù pé iṣẹ́ aró fẹ́ parẹ́ kì í ṣe ti òní, àwọn ìyá wa tó ń ṣe aró ní Abẹ́òkúta bá Aláké fa wàhálà ní ọdún 1936 lórí òfin tó ka lílo sódà fún iṣẹ́ aró léèwọ̀, iṣẹ́ náà kò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí ìtàn.) Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ tí agbára mi kò ká, nítorí mo rò pé bí mo bá kọ ọ̀kan, òmíràn kò ní í wá mọ́.

Ìdílé kan gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí fún ìnáwó òkú wá, 120 yáàdì, wọ́n sì fẹ́ ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó yẹ kí n sọ pé kò ṣeé ṣe. N kò sọ ọ́. Òru márùn-ún léraléra ni mo fi kọ ọnà lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, mo dá ìkòkò aró tuntun, mo sì rì aṣọ bọ inú rẹ̀ nígbà tí kò tíì gbó. N kò jẹ́ kí aṣọ ó pẹ́ lórí okùn kí n tó tún gbé e padà sínú ìkòkò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fọ ẹ̀kọ kúrò lára wọn, mo tẹ́ ẹyọ kan sílẹ̀ nínú àgbàlá, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibi kan dúdú, ibi kan rí ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìdọ̀tí, ojú ọnà náà sì wọ́, nítorí pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti òru kẹta. Àwọn olówó aṣọ kò gbà á, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Mo jẹ gbèsè owó aṣọ, mo tún jẹ gbèsè owó tí wọ́n ti san sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àyà mi a máa lù kìkì, èmi yóò sì máa ka gbèsè lórí ìka. Bí fóònù bá dún, ara mi a bù mááṣọ. Lójú ọ̀sán, mo lè jókòó ti aṣọ funfun fún wákàtí méjì kí n má lè fa ìlà kan. Àwọn ọnà àtijọ́ nìkan ni mo lè ṣe, irú bíi Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, tí ọwọ́ mi ti mọ̀ láti ìgbà ọmọdé. Àwọn náà pàápàá, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé ń da ọ̀rọ̀ kọ lójú pátákó ni mo ń ṣe wọ́n. Ọnà tuntun kankan kò wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ sí ilé àdúrà kan. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Òru ọjọ́ Ẹtì méje ni mo fi lọ. Ohun tí wọ́n ń wàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọ̀tá: ọ̀tá ilé, ọ̀tá ọ̀nà, ọ̀tá inú àlá, ẹni tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín tó ń gbẹ́ kòtò dè ọ́. Bí mo bá dé ilé ní ìdájí, ara mi a rẹ̀, ẹ̀rù mi a sì ti di méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì karùn-ún, wọ́n ríran sí mi pé obìnrin àgbàlagbà kan tó pupa, tó ń gbé nítòsí mi, ló jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí.

Obìnrin pupa àgbàlagbà kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé wa. Àbúrò ìyá mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi fi mí sí nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń mú ìyẹ́ adìẹ kí ẹ̀kọ má bàa rọ́ jọ lójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má bàa kí i. Bí ó bá rán ọmọ sí mi pé kí n wá jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀, èmi yóò ní mo ti yó. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rù gbà lọ́wọ́ mi, èyí ló dùn mí jù, òun sì ni ìdí pàtàkì tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ará wa máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá. Èmi kò tilẹ̀ rí ekòló. Ìyá mi ni mo rí tí mo sá fún.

Ìgbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọmọ mi fi tipátipá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fún mi lóògùn tí mo ṣì ń lò títí di òní, n kò sì ka oògùn náà sí àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì béèrè ló wọ̀ mí lára. Ó ní, “Ìyá, ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn tí ẹ jí fúnra yín, tí kì í ṣe pé nǹkan ta yín jí?” N kò lè dá a lóhùn.

Bíbélì ni mo gbé dání lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, mo sì ṣí i sí Ìwé Ẹ́kísódù orí 31, nítorí mo rántí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí Besaleli ọmọ Uri lọ́pọ̀ ìgbà, pé Ọlọ́run fi ẹ̀mí òun kún un, ó fún un ní ọgbọ́n, òye àti ìmọ̀ láti ṣe iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta iyebíye àti igi gbígbẹ́, ó sì fi Oholiabu ti ẹ̀yà Dánì ṣe alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwa ni Bíbélì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa rẹ̀, kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe wòlíì. Àmọ́ ibi tí ìwàásù máa ń parí sí kọ́ ni orí náà parí sí. Bí Ọlọ́run ṣe ka iṣẹ́ náà tán, ohun tó sọ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni pé kí wọ́n pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Iṣẹ́ ilé òun alára ni o! Síbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa ìsinmi tì. Bí a bá sì dé orí 35, níbi tí Mósè ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún àwọn ènìyàn, ìsinmi ló kọ́kọ́ sọ, kó tó dárúkọ Besaleli rárá.

Mo wá rántí ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń bọ̀. Ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì. Ní orí 5 ìwé kan náà, nígbà tí wọ́n béèrè àyè láti lọ sin Ọlọ́run wọn, Fáráò gba koríko lọ́wọ́ wọn, ó ní iye bíríkì tí wọ́n ń mọ kò gbọ́dọ̀ dín, ó sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo ń gbọ́ nínú orí mi ní gbogbo òru: ọ̀lẹ ni ọ́, dìde, kò tíì tó. Ohùn Fáráò ni mo ti ń pè ní ohùn Ọlọ́run. Ẹrú a máa mọ bíríkì, ọ̀kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tó bá ti gba ìdáǹdè ló ń ṣe ọnà. Bí ìyẹn ṣe yé mi ni mo sunkún, lẹ́yìn ẹkún náà mo sùn, ilẹ̀ sì mọ́ kí n tó jí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ojú ara mi ni mo fi ka Bíbélì. Kí wọ́n wá wo Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Nígbà tí ó sá fún Jésébẹ́lì, tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi tí ó ní kí ẹ̀mí òun kúkú bọ́, Ọlọ́run kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ sì wo ìránṣẹ́ tó rì tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú Mátíù orí 25. Nígbà tí olúwa rẹ̀ béèrè ìdí, ohun tó sọ ni pé ẹ̀rù ba òun. Ìwàásù wa máa ń sọ pé ìmẹ́lẹ́ ló rì í mọ́lẹ̀. Ẹnu ìránṣẹ́ náà ni a ti gbọ́ pé ẹ̀rù ni.

Àwa ará Abẹ́òkúta ní ẹnìkan tí ó yẹ kí a máa rántí ju bí a ti ń ṣe lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ọmọdé ni nígbà náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí tó rà wọ́n. Nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, ó sọ ohun tí òun àti àwọn ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n gun ọkọ̀ àwọn olùgbàlà wọn. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, tí awọ rẹ̀ funfun, wọ́n rí àwọn ọta àgbá roboto tí wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n sì gbà lọ́kàn wọn pé ẹran ara ènìyàn nìyí, orí wọn sì nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n wò ó dáadáa ni wọ́n rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́rìí. Inú ọkọ̀ ìdáǹdè ni wọ́n wà, ẹ̀rù sì sọ ọ́ di ilé apànìyàn lójú wọn.

Ọmọ tí ẹ̀rù bà tó báyẹn ni ó fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà mọ ìwé kà débi tó ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Sàró, tó ṣèrìbọmi ní 1825, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1846, ó bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta yìí, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11 sì jóná mọ́ ọn. Ibi tí mo ti máa ń dúró nínú ìtàn náà nìyí, nítorí mo mọ bí ó ṣe ń rí kí iṣẹ́ ẹni bàjẹ́ lójú ẹni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ni o. Bíbélì Yorùbá lódindi jáde ní 1884. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń farabalẹ̀ tẹ́tí sí àwọn àgbàlagbà, títí kan àwọn tí wọn kò gba ẹ̀sìn rẹ̀, láti gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ti gidi. Ẹni tí ẹ̀rù ọmọ aráyé bá ń bà kò lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ báyẹn lẹ́nu wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ni yóò máa fura sí.

Èmi náà ní ẹni tí mo gbọ́dọ̀ lọ jókòó tì. Ọjọ́ kẹta tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn, mo gba iwájú ilé lọ bá àbúrò ìyá mi, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ohun tí wọ́n ríran sí mi àti ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́. Ṣé o ti jẹun?” Ó bu àmàlà fún mi. Lẹ́yìn tí mo jẹun tán ni ó ní kí n na ọwọ́ mi, ó dì í mú títí tí kò fi gbọ̀n mọ́.

Láti ìgbà náà ni n kì í ti í ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kì í fọwọ́ kan ẹ̀kọ, n kì í ka gbèsè, mo sì máa ń pa fóònù mi títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. N kì í lọ sí ìṣọ́ òru mọ́, àyàfi ti ọdún tuntun. Lálẹ́, mo máa ń ka Sáàmù 127, èyí tó sọ pé asán ni kíkùtùkùtù dìde àti pípẹ́ sùn nítorí oúnjẹ làálàá, èmi yóò sì fi gbèsè mi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ní gbólóhùn méjì péré, n ó sùn. Ẹ̀rù kò lọ ní ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí olè ni mo rí lójú ara mi, pé mo jókòó lásán nígbà tí mo jẹ gbèsè. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbàgbé láti bẹ̀rù láàárín ọ̀sán kan, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó fura pé mo gbàgbé.

Ní ọjọ́ Àìkú keje, òjò rọ̀ ní òru, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀ kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí ipa tí ìgbín kan fi sílẹ̀ lára ògiri. Ó ti ìdí ògiri gòkè, ó yípo ibi tí ògiri ti sán, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún gba ibòmíràn lọ, gbogbo ipa náà sì ń dán bí fàdákà nínú oòrùn àárọ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń rí ipa ìgbín lára ògiri yẹn, n kò wò ó rí. N kò sáré lọ gbé ìyẹ́. Mo wò ó títí oòrùn fi gbẹ ẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sùn lọ́sàn-án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọwọ́ mi fà á sórí aṣọ láìdúró, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò ìyá mi wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí àlàfo àárín rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí aró lè ráyè mí. Ó tọ̀nà.

Aṣọ náà tà, n kò ní í pa irọ́ pé ó sọ mí di olówó. Mo fi ọdún kan àti oṣù díẹ̀ san gbèsè mi tán. Nígbà tó yá, mo rí ọnà ipa ìgbín mi lórí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ọjà Ìtokú. Tí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, ǹ bá dákú. Lọ́jọ́ náà, mo dúró, ó dùn mí dé ọkàn, mo sì gbàdúrà níbẹ̀. Mo padà sílé, mo kọ òmíràn. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe inú aṣọ tí wọ́n jí ni orísun náà wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a má ṣọ́ra. Ajínigbé wà lójú ọ̀nà, gbogbo wa la mọ̀, onígbàgbọ́ tó bá sì ní òun kò ní í ti ilẹ̀kùn ń dán Ọlọ́run wò ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí àìsùn rẹ̀ bá sì ti di àìsàn, kó lọ rí dókítà, bí èmi náà ṣe lọ. Ẹ̀rù tó ń sọ fún wa pé kí a ti ilẹ̀kùn a máa dákẹ́ nígbà tí a bá ti tì í tán. Èyí tí mò ń bá jà ni èyí tí kì í dákẹ́, tó ń sọ pé bí a bá sinmi, a gbé.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò pọ̀, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo sì fi ń sọ ọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín lóru, ẹ̀rù ti pa wọ́n tán kí wọ́n tó dé. Ẹ má ṣe tún fi ọ̀tá mìíràn lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n gbé lọ sílé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n sùn kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ríran sí ènìyàn pé àgbàlagbà kan ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ rántí pé àgbàlagbà náà lórúkọ, ó sì ní ẹnu ọ̀nà tí ó jókòó sí, tí ó ń retí ọmọ tí kò wá kí i mọ́.

Aláṣọ tó wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi, Mùsùlùmí ni, òun náà sì ní kí n bá òun fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó ka ẹsẹ 28 nínú Súrà Ar-Raʿd sí mi létí, èyí tó sọ pé nínú ìrántí Ọlọ́run ni ọkàn ti ń rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ní bí òun bá kírun ọ̀sán tán, òun kì í dìde kíá mọ́. Òun a jókòó lórí ẹní díẹ̀ kí òun tó padà sídìí aṣọ. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo rò pé ó ń tòògbé ni.

Fún ìwọ ọmọ mi ayàwòrán ní Ìbàdàn: ìbẹ̀rù rẹ kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ rẹ kì í ṣe òtítọ́. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Lọ kí àwọn ará ilé bàbá rẹ, jẹun lọ́dọ̀ wọn bí wọ́n bá fún ọ. Yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí o kò ní í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rárá, má sì ṣe ka owó lọ́jọ́ náà. Bí ó bá wù ọ́ láti wá wo bí aṣọ ṣe ń yí padà di aró lórí okùn, béèrè ìyá tó ń kọ ipa ìgbín bí o bá dé Kémta. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń wà ní ìsọ̀. Bí o bá dé ní ọjọ́ Àìkú, wá sí ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wàá ti bá èmi àti àbúrò ìyá mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aládìrẹ kan,
Kémta, Abẹ́òkúta.